Ọkọ̀ Àtàtúntà

Nígbà tí Tiwaladé gun òkìtì òkúta wẹ́wẹ́ tó wà láàrin òkun àti ibi tí wọ́n ń gbé ọkọ̀ sí, ipa taya ló kọ́kọ́ rí nínú ẹrẹ̀. Bọ́ọ̀sì wọn kò sí níbẹ̀ mọ́. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó tún padà wo ojú kan náà, bí ẹni tó gbé ọbẹ̀ kaná tó padà wá bá àdògán òfìfo.

"Dámi, ṣé ibí kọ́ la gbé e sí ni?"

 Dámiláre, ọkọ rẹ̀, ti dúró sẹ́yìn, ó fi ọwọ́ méjèèjì di itan mú, òjò ń ro tótó láti irun rẹ̀. Dunwich ni wọ́n wà, ìletò kan ní etí òkun Suffolk, ìlú tí òkun ti gbé èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ mì láyé àtijọ́. Ilé oúnjẹ tó wà níbẹ̀ ti tì. Kò sí ẹ̀dá kankan lójú ọ̀nà.

Ẹ̀wù òtútù wọn, búláńkẹ́ẹ̀tì, omi gbígbóná inú fílásíìkì, oògùn ìrora, fóònù Dámiláre: gbogbo rẹ̀ ló bá bọ́ọ̀sì lọ. Fóònù Tiwaladé wà lápò rẹ̀, ṣùgbọ́n kò rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì mú. Fún ẹlòmíràn, wàhálà òtútù lásán nìyẹn. Fún Dámiláre, ọ̀ràn ikú ni. SS ni ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Àìsàn tí àwọn àgbà ń pè ní fòníkú-fọ̀ladìde ni wọ́n bí mọ́ ọn, ohun tó sì máa ń jí i kò ju òtútù àti àárẹ̀ lọ.

"Ó ti bẹ̀rẹ̀," ni Dámiláre wí. Ó jókòó sórí òkúta. "Tiwa, ó ti dé ìbàdí mi."

Tiwaladé bọ́ súwẹ́tà ara rẹ̀, ó fi wé e lẹ́sẹ̀, ó sì sáré. Ó ń sáré nínú òjò pẹ̀lú síńgílẹ́ẹ̀tì nìkan lára, títí ó fi rí ilé àgbẹ̀ kan tí èéfín ń jáde lórí rẹ̀. Bàbá òyìnbó kan tó mú ajá dání ṣílẹ̀kùn fún un, ó pe áńbúláǹsì. Nígbà tí wọ́n padà dé etí òkun, igbe Dámiláre ni wọ́n fi mọ ibi tó wà. Ó ń ké bí ẹni tí wọ́n ń fi ayùn rẹ́ egungun rẹ̀.

Kò kú. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ ló lò ní ọsibítù, dókítà sì sọ fún wọn pé ẹ̀jẹ̀ kò dé orí egungun ìbàdí òsì mọ́, egungun náà ti kú. Káfíńtà ni Dámiláre. Ẹni tó ń gun òrùlé bí ológbò di ẹni tó ń fi ọ̀pá rìn lọ sílé ìtọ̀.

Ìjẹ̀bú-Òde ni wọ́n bí àwọn méjèèjì sí, ṣùgbọ́n àwọn òbí wọn ti kó wọn lọ sí Canada láti kékeré, ìlú Calgary ni wọ́n sì ti fẹ́ ara wọn. Físà tí ìjọba ń fún àwọn ọ̀dọ́ láti ṣiṣẹ́ kí wọ́n sì rìnrìn àjò fún ìgbà díẹ̀ ni wọ́n gbà wọ London. Wọn kò ní ẹbí kankan níbẹ̀. Ọjọ́ Ìsinmi kejì tí wọ́n dé, wọ́n tọ ìró orin lọ sí ìjọ Aládùúrà kan ní Becontree, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti pàdé Bọ̀dá Clement.

Ta ni kò mọ Bọ̀dá Clement? Ọkùnrin tó tó ọgọ́ta ọdún, tí sùtánà rẹ̀ máa ń funfun ju ti gbogbo ìjọ lọ, tó ní ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì ní Barking. Ìyàwó rẹ̀ ti kú. Òun ló ń wa bọ́ọ̀sì akọrin, òun ló ń lọ kó àwọn àjèjì ní pápá ọkọ̀ òfuurufú. Bó ṣe gbọ́ pé ará Ìjẹ̀bú ni wọ́n, ó dì mọ́ Dámiláre.

"Ọmọ ilé wa! Ẹ ò lè wà nílùú tí mo wà kẹ́ ẹ máa jìyà."

Òun ló ta bọ́ọ̀sì fún wọn, bọ́ọ̀sì funfun kan tó tóbi tó láti sùn àti láti dáná nínú rẹ̀, nítorí ó ti gbọ́ pé wọ́n fẹ́ rìn yípo etí òkun kí iṣẹ́ tó wọ̀ wọ́n lọ́rùn. Gbogbo owó tí wọ́n kó jọ ni wọ́n fi rà á. Dámiláre fi ọwọ́ ara rẹ̀ kan bẹ́ẹ̀dì sínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀dì onídèérí tí wọ́n ń kó aṣọ sábẹ́ rẹ̀. Wọ́n gbéra. Wọ́n sùn ní Southend, wọ́n jẹ ẹja díndín ní Felixstowe, wọ́n ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdé. Ní ìrọ̀lẹ́ kọ̀ọ̀kan, Clement á pè: "Ẹ ti dé ibo báyìí? Ṣé ara Dámi le? Ẹ má jẹ́ kí òtútù mú un o."

Òun náà ni Tiwaladé pè láti ọsibítù. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́ tán, Clement ti dé, ó gbé mọ́ínmọ́ín gbígbóná wá nínú kúlà. Ó kúnlẹ̀ ti bẹ́ẹ̀dì, ó gbàdúrà títí nọ́ọ̀sì fi ní kó rọra. Nígbà tó dìde, ó fa Tiwaladé sí kọ̀rọ̀.

"O ti pe ọlọ́pàá?"

"Mo fẹ́ pè wọ́n báyìí, sà."

"Má dán an wò."

"Kí ló dé, Bọ̀dá?"

"Ẹ̀bi mi ni. Ìnṣọ́ránsì tí mo ní mo máa bá yín ṣe, kò tíì wọlé. Ẹ ti ń wakọ̀ láìní ìnṣọ́ránsì láti ọjọ́ tẹ́ ẹ ti kúrò nílé. Ṣé o mọ ohun tí wọ́n ń fi irú ẹni bẹ́ẹ̀ ṣe níbí? Wọ́n á fagi lé físà yín. Wọ́n á gbé ọkọ rẹ jù sínú ọkọ̀ òfuurufú bó ṣe wà yìí."

Tiwaladé wo Dámiláre tí wáyà wà lára rẹ̀. Ó fi fóònù sápò.

Bí wọ́n ṣe di ẹrú nìyẹn. Clement kó wọn sí yàrá ẹ̀yìn nílé rẹ̀ ní Mayesbrook. Wọ́n ń san owó yàrá. Tiwaladé tún ń fọ sùtánà, ó ń dáná, ó ń nu ilẹ̀. Ní ọjọ́ Ìsinmi, Clement á ní kí Dámiláre fi ọ̀pá rẹ̀ dìde láàrin ìjọ. "Ẹ wo ọmọ tí Ọlọ́run ní kí n gbà sílé!" Àwọn èèyàn á pàtẹ́wọ́. Dámiláre á tẹ orí ba. Ní alaalẹ́, Clement á jókòó, á fi Àbóníkí ra ẹsẹ̀ tó ń dùn ún, àwọn méjèèjì á sì dúpẹ́ bí ẹni tó rí bàbá.

Òtútù ọdún náà kọjá. Tiwaladé rí iṣẹ́ nílé búrẹ́dì ńlá kan ní Dagenham. Ìgbà tí ọjọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í móoru ni wọ́n gba ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Iyìolúwa síbẹ̀. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Melbourne dé pẹ̀lú ọkọ rẹ̀, Jésùfẹ́mi, lórí irú físà kan náà. Ọ̀yàyà kún ẹnu rẹ̀. Àárín ọ̀sẹ̀ kejì, ó ti ń pe Tiwaladé ní Àǹtí Tiwa.

"Àǹtí, ẹ wá wo nǹkan tá a rà!" ló wí lọ́jọ́ kan tí iṣẹ́ parí. "Sátidé la máa lọ sétí òkun."

Bọ́ọ̀sì aláwọ̀ ewé kan ló wà níwájú ilé iṣẹ́. Tiwaladé rẹ́rìn-ín, ó kí i kú oríire, ó wọlé. Bẹ́ẹ̀dì kan wà nínú rẹ̀. Iyìolúwa ní kó ṣí i, kó wo bí àyè abẹ́ rẹ̀ ṣe tóbi tó. Tiwaladé gbé ìdérí náà sókè, ìdérí sì já lu ìka rẹ̀ àárín.

Ó mọ ìrora yẹn. Ọ̀nà òdì ni Dámiláre kan irin tí ìdérí náà fi ń ṣí sí nígbà tó ń kánjú. Ìka kan náà ló máa ń há sí i ní Southend, ní Felixstowe, Dámi á sì máa fi rẹ́rìn-ín. Ó fi ọwọ́ kejì wá abẹ́ pákó kiri. Ojú ìṣó, ojú ayùn, gbogbo rẹ̀ ló mọ̀ bí ẹni mọ eyín inú ẹnu ara rẹ̀. Ọ̀dà nìkan ni wọ́n pààrọ̀.

"Àǹtí, ẹ má bínú! Ó máa ń ṣe èmi náà bẹ́ẹ̀."

"Ta ló tà á fún yín?"

"Mr Olúkáyọ̀dé. Bàbá dáadáa kan ni. Ó wá sí ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Beam Park lẹ́ẹ̀mejì péré. Ìjẹ̀bú náà ni bíi ti màmá mi. Ẹ wo fọ́tò rẹ̀ lọ́jọ́ tó fún wa ní kọ́kọ́rọ́."

Tiwaladé wo ojú fóònù. Bọ̀dá Clement ló ń rẹ́rìn-ín níbẹ̀, ó fi apá kọ́ Jésùfẹ́mi lọ́rùn.

Ó dá fóònù padà fún Iyìolúwa. Ó rìn lọ sílé, kò wọ bọ́ọ̀sì, kò mọ ọ̀nà tó gbà. Nígbà tó délé, ó bá Clement lórí àpótí níwájú Dámiláre. Ó ti ká ṣòkòtò rẹ̀ sókè dé itan, ó ń fi Àbóníkí ra á, ó ń fi ohùn kékeré kọrin ìyìn.

"Ìyàwó wa, káàbọ̀. Ẹsẹ̀ yìí ń dára bọ̀ o. Wá wò ó."

"Ẹ ṣé gan-an, sà. Ọlọ́run á san án fún yín."

"Àmín, àmín."

Tiwaladé wọ balùwẹ̀, ó ṣí omi kí wọ́n má baà gbọ́, ó sì bì títí kò fi sí nǹkan kan nínú rẹ̀ mọ́.

Ọjọ́ kejì ló tó sọ fún ọkọ rẹ̀, lórí bẹ́ǹṣì nínú Mayesbrook Park, níbi tí ògiri kò ní etí. Dámiláre gbọ́ ọ tán. Ó wo adágún omi, ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Pẹ̀lú ọwọ́ tó fi ń ra mí lẹ́sẹ̀ yẹn?"

"Ọwọ́ yẹn ni."

"Màá pa á."

"O ò ní pa ẹnikẹ́ni. Jẹ́ ká lọ bá àwọn ọmọ yẹn."

Jésùfẹ́mi kò kọ́kọ́ gbà. Ó ní ìlara ló ń ṣe wọ́n, ó ní bàbá yẹn gbàdúrà lé òun lórí. Dámiláre kò bá a jiyàn. Ó sọ fún un pé kó tú pákó kẹta lára bẹ́ẹ̀dì: "Wàá rí ibi tí mo ti gbẹ́ ẹ jù, tí mo fi èérún igi àti gọ́ọ̀mù dí i." Jésùfẹ́mi tú u. Ó bá a bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tú ọkọ̀ náà, ibì kan kò kù. Lábẹ́ kápẹ́ẹ̀tì ìjókòó dírẹ́bà, wọ́n rí ẹ̀rọ dúdú kékeré kan tí kò ju páálí ìṣáná lọ, iná pupa ń ṣẹ́jú lára rẹ̀. Tráákà ni, ẹ̀rọ tó ń sọ fún ẹni tó fi í síbẹ̀ ibi tí ọkọ̀ bá wà.

Iyìolúwa bú sẹ́kún. "Ó bi mí léèrè àná, Àǹtí. Ó ní ibo la máa kọ́kọ́ dúró sí."

Ọlọ́pàá tó gbọ́ ẹjọ́ wọn ń jẹ́ Hamid, ọmọ Barking tí àwọn òbí rẹ̀ ti Bangladesh wá, ọkùnrin tó máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí wọ́n ń gba owó ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Kí ló dé tẹ́ ẹ kò wá látọjọ́ yìí?"

"Ó ní ẹ máa fagi lé físà wa nítorí ìnṣọ́ránsì."

"Irọ́ ló pa. Wọn ì bá bu owó ìtanràn lé yín, bóyá. Olè ni wọn ì bá lé." Ó yí tráákà náà wò. "Ẹ dá a padà síbi tẹ́ ẹ ti rí i."

"Ẹ ò ní mú un?" ni Jésùfẹ́mi wí.

"Tí mo bá mú un lónìí, á ní òun ta ọkọ̀, ọkọ̀ sọnù, kò kàn òun. Ibi tí kọ́kọ́rọ́ kejì bá ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni mo fẹ́ ká a mọ́. Ibo lẹ ń lọ ní Sátidé?"

"A ò tíì mọ̀."

"Ẹ lọ sí Mersea. Erékùṣù ni. Ọ̀nà kan ṣoṣo ló wọ ibẹ̀."

Ṣùgbọ́n ọ̀bàyéjẹ́ kì í sùn tán. Godswill, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń bá Clement ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù, rí Tiwaladé bó ṣe ń jáde ní àgọ́ ọlọ́pàá. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ̀, Clement bá a nídìí sítóòfù. Kò rẹ́rìn-ín.

"Kí lo lọ ṣe lọ́dọ̀ ọlọ́pàá?"

Ọwọ́ Tiwaladé dúró lórí ṣíbí. "Fóònù obìnrin kan tá a jọ ń ṣiṣẹ́ ló sọnù, sà. Mo sìn ín lọ."

"Kí lorúkọ obìnrin náà?"

"Chloe, sà."

"Gbé fóònù tìrẹ wá."

Ó gbé e fún un. Ó ti pa gbogbo àtẹ̀jíṣẹ́ rẹ́ láti ọ̀sán. Clement tú u síwá sẹ́yìn, kò rí nǹkan kan, ṣùgbọ́n kò dá a padà. Ó fi í sápò sùtánà. Fóònù kan yẹn ni tọkọtaya náà ní láti ìgbà Dunwich.

"Tiwaladé."

"Sà."

"Ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ló ṣẹ́ kù fún ọkọ rẹ. Ẹni tó ní ẹsẹ̀ kan kì í bá onílé jà. Ṣé o gbọ́ mi?"

"Mo gbọ́, sà."

"Ọbẹ̀ yẹn ń jóná."

Ní àárọ̀ Sátidé, wọ́n gbọ́ tí Godswill fun fèrè ọkọ̀ níta. Clement jáde, ó ti ilẹ̀kùn iwájú àti ti ẹ̀yìn láti ìta, ó kó kọ́kọ́rọ́ lọ. Tiwaladé gba ilẹ̀kùn mú, ó mì í, ó tún mì í.

"Ó ti fura. Kò ní lọ sí Mersea."

"Ojúkòkòrò á gbé e lọ," ni Dámiláre wí. Ó ti ṣí fèrèsé kékeré tó wà lókè ibi tí wọ́n ti ń fọ abọ́. Ó fi ìbàdí tó ń dùn ún ti ògiri, ó fún ìyàwó rẹ̀ ní ejìká kó gùn. Òógùn bò ó lójú, ó ge ètè rẹ̀ jẹ. "Lọ. Èmi ò lè sáré. Ìwọ sáré fún àwa méjèèjì."

Tiwaladé já sínú àgbàlá, ó fo ọgbà aládùúgbò, ó yá fóònù lọ́wọ́ obìnrin ibẹ̀, ó sì pe nọ́ńbà Hamid tó ti kọ́ sórí. Hamid ti fẹ́ gbéra nígbà náà. Ó gbọ́, ó bú Clement lédè ìyá rẹ̀, ó yà wá gbé Tiwaladé. Ó ní kí ọlọ́pàá míì lọ ṣílẹ̀kùn fún Dámiláre. "Ìwọ, jókòó sẹ́yìn. Má sọ̀ kalẹ̀, ohun yòówù kó ṣẹlẹ̀."

Wọ́n dé Mersea nígbà tí òkun ń kún bọ̀. Ọ̀nà tó so erékùṣù náà mọ́ ilẹ̀ máa ń bọ́ sábẹ́ omi bí òkun bá kún gan-an. Àwọn ará ibẹ̀ mọ ìgbà tó ń rí bẹ́ẹ̀. Hamid mọ̀ ọ́n. Clement kò mọ̀ ọ́n.

Iyìolúwa àti Jésùfẹ́mi gbé bọ́ọ̀sì sítòsí etí òkun, wọ́n gbé àpò àti búláńkẹ́ẹ̀tì, wọ́n di ọwọ́ ara wọn mú, wọ́n rìn lọ bí Hamid ṣe ní kí wọ́n ṣe. Kò pẹ́ púpọ̀ tí ọkọ̀ Godswill fi rọra yọ. Clement sọ̀ kalẹ̀. Kò wọ sùtánà lọ́jọ́ náà. Jákẹ́ẹ̀tì búlúù àti fìlà ló wọ̀. Ó wo ọ̀kánkán, ó fi kọ́kọ́rọ́ kejì ṣí ilẹ̀kùn bọ́ọ̀sì bí onílé tó ń wọ ilé rẹ̀, ó sì gbé e.

Ọlọ́pàá méjì wọ́ Godswill bọ́ sílẹ̀ kó tó lè tan ọkọ̀. Clement rí i nínú dígí ẹ̀yìn. Ó ki eré mọ́ ọkọ̀ náà. Ó fi bọ́ọ̀sì gba òpópónà tóóró, ó yí igun kan, ó gbá dígí ọkọ̀ ẹni ẹlẹ́ni dànù, ó kọrí sí ọ̀nà kan ṣoṣo tó jáde. Nígbà tó dé ibẹ̀, ojú ọ̀nà ti di òkun. Àwọn ọkọ̀ tò, àwọn onímọ́tò jókòó, wọ́n ń mu tíì, wọ́n ń dúró de omi. Clement yí padà. Ọlọ́pàá ti dí ẹ̀yìn. Ó fò bọ́ sílẹ̀, ó gun ògiri ilẹ̀ tí wọ́n fi dí òkun, ó sì wọ inú àbàtà.

Hamid àti àwọn tó kù sáré tẹ̀ lé e. Wọ́n rí jákẹ́ẹ̀tì búlúù lórí wáyà ọgbà lápá òsì, wọ́n gba ibẹ̀ lọ. Tiwaladé, tó wà nínú ọkọ̀, rí i pé apá ọ̀tún ni eèsún ti ń mì. Ó lu gíláàsì, kò sẹ́ni tó gbọ́. Ó sọ̀ kalẹ̀.

Ó bá a níbi tí ilẹ̀ ti parí. Ẹrẹ̀ dúdú ti gbé Clement mì dé ìbàdí, bó sì ṣe ń jà ló ń wọlẹ̀ sí i. Omi òkun ń gba ojú àbàtà bọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, kò pariwo.

"Tiwa! Ọlọ́run ló rán ẹ. Na ọwọ́ sí mi!"

Tiwaladé dúró lórí koríko tó le. "Èèyàn mélòó?"

"Kí lò ń sọ? Ṣé o ò rí omi ni?"

"Mo rí i. Èèyàn mélòó lẹ ti ta ọkọ̀ yẹn fún?"

"Ẹ̀yin nìkan. Ẹ̀yin àti àwọn wọ̀nyí."

Tiwaladé kẹ́yìn sí i, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ.

"Mẹ́rin! Mẹ́rin ni! Ẹ̀yin lẹ ṣe ìkẹta!"

Ó yí padà. "Àwọn méjì àkọ́kọ́ ńkọ́?"

"Wọ́n ti padà sílùú wọn. Tọkọtaya kan wà ní Toronto, Ọlọ́ládé àti Catherine. Wọ́n ti tú ká. Tiwa, jọ̀ọ́, ó ti dé àyà mi."

"Lọ́jọ́ Dunwich. Ṣé ẹ rí wa?"

 Ìgbì kékeré kan fọwọ́ kan Clement lábẹ́ apá.

"Mo ní, ṣé ẹ rí wa?"

"Mo rí yín. Ẹ ń gun òkúta yẹn bọ̀ lókèèrè. Ọkọ rẹ ti ń tiro. Mo mọ̀ pé oògùn rẹ̀ wà nínú ọkọ̀."

"Kí lẹ wá ṣe?"

Ó ń sunkún báyìí. Ikun imú àti omi iyọ̀ dà pọ̀ lẹ́nu rẹ̀. "Òtútù ń mú èmi náà. Mo tan híítà."

 Kò sí ariwo kankan níbẹ̀ ju ti ẹyẹ òkun lọ. Tiwaladé ń wò ó. Clement pè é lórúkọ, ó pe Ọlọ́run, ó pe ìyá rẹ̀ tó ti kú. Omi dé ọrùn rẹ̀. Ó gbé àgbọ̀n sókè, fìlà rẹ̀ léfòó lọ. Tiwaladé ṣì ń wò ó. Ìgbà tí omi kan ètè rẹ̀ tí kò lè pe orúkọ mọ́ ni obìnrin náà tó yíjú sí ògiri ilẹ̀, tó sì figbe ta.

"Hamid! Ibí ló wà!"

Okùn àti pákó ni wọ́n fi fà á yọ, ó ń pọ omi bí ẹja tí wọ́n sọ sílẹ̀. Wọ́n fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí i lọ́wọ́ nínú ẹrẹ̀.

Hamid wo bàtà Tiwaladé. Omi ti bò ó, koríko tó dúró lé sì ti rì.

"Ó pẹ́ tó o ti débí?"

"Bí mo ṣe rí i ni mo pè yín."

Hamid wò ó díẹ̀ sí i. Kò tún béèrè mọ́.

Ní àgọ́ ọlọ́pàá, Clement kọ́kọ́ ní òun kò ní sọ̀rọ̀. Godswill ló kọ́kọ́ tú. Ó sọ bí wọ́n ṣe ń lé ọkọ̀ lọ, bí wọ́n ṣe ń kùn ún, bí wọ́n ṣe ń pààrọ̀ nọ́ńbà rẹ̀, bí Clement ṣe máa ń yan tọkọtaya tí kò ní ẹbí nílùú. Wọ́n lọ tú ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n bá ẹrù ẹni ẹlẹ́ni níbẹ̀: àpò ìrìn àjò, bàtà ọmọdé, àpótí irin iṣẹ́ Dámiláre. Nígbà tí Hamid gbé òòlù Dámiláre lé orí tábìlì, Clement fi ojú pamọ́ sáàrin ọwọ́, ó sì jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀.

Adájọ́ sọ ọ́ sẹ́wọ̀n ọdún mẹ́fà. Ìjọ kún ilé ẹjọ́ lọ́jọ́ náà. Ìyá arúgbó kan tó máa ń pàtẹ́wọ́ fún un jù ń sunkún bí ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń mú un lọ, ó yíjú sí Tiwaladé.

"Ẹ foríjì mí, ọmọ ilé wa."

"Mo ti gbọ́," ni Tiwaladé wí. 

Wọ́n ti kúrò ní Mayesbrook nígbà yẹn. Wọ́n gba yàrá kan nísàlẹ̀ ilé ní Beam Park, níbi tí kò ti sí àtẹ̀gùn tí Dámiláre máa gùn. Iyìolúwa àti Jésùfẹ́mi bá wọn kó ẹrù. Dámiláre rí ibi iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń jókòó kan àpótí aṣọ; ọjọ́ àkọ́kọ́ tó lọ, ó padà wálé pẹ̀lú èérún igi nínú irun, ó ń fọn ìfé lọ́nà.

Hamid ló bá wọn wá nọ́ńbà Catherine ní Toronto. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ni Tiwaladé pè é. Ohùn obìnrin náà kọ́kọ́ le, bí ẹni tó rò pé wọ́n fẹ́ tún lu òun ní jìbìtì. Tiwaladé sọ ẹni tí òun jẹ́. Ó ròyìn Clement, ẹ̀rọ tó wà lábẹ́ kápẹ́ẹ̀tì, kọ́kọ́rọ́ kejì, ẹ̀wọ̀n.



"Kọ́kọ́rọ́ ló fi ṣí i?" ni Catherine béèrè.

"Kọ́kọ́rọ́ ni."

"Èmi ni mo jáde kẹ́yìn nínú ọkọ̀ yẹn. Ládé ọkọ mi ní mi ò tì í. Gbogbo ọjọ́ ló ń sọ ọ́, níwájú ìyá ẹ̀, níwájú ìyá mi. Nígbà tó yá, èmi náà ò mọ̀ mọ́ bóyá mo tì í. Ó ní ọwọ́ mi ni ayé òun ti bàjẹ́." Ó fa imú. "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un sọ."

Tiwaladé di fóònù mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì.

"O tì í, Catherine. O ti ilẹ̀kùn yẹn dáadáa."